Mo ń dùbúlẹ̀ láago mẹ́wàá, oorun ò kan ojú mi títí di aago méjì òru, ẹ gbà mí o

OjúṢíṣí | Mọ́ńdè, 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti kọjá agbára mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí, tí mo bá ti dùbúlẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ báyìí ojú mi á kàn dá ṣáká ni, màá yí sọ́tùn-ún, màá yí sósì, màá máa gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń ró kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó di aago méjì òru kí oorun tó gbé mi lọ, àláàmù á sì dún láago mẹ́fà. Tó bá di Sátidé àti Sọ́ńdè mo máa ń sùn di aago mọ́kànlá àárọ̀ kí n lè fi san gbèsè oorun ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n alẹ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an ló tún máa ń burú jù. Lọ́sàn-án ẹ̀wẹ̀ ara mi á wúwo, ife kọfí mẹ́ta ni mo ń mu lójúmọ́, èyí tó kẹ́yìn á tó aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, torí láìsí i mi ò ní lè parí iṣẹ́.

Lánàá ọmọ mi da omi sílẹ̀, omi lásán o, mo jágbe mọ́ ọn débi pé ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Kí lẹ ṣe tó ṣiṣẹ́ fún yín? Mi ò fẹ́ fi oògùn oorun bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀nà míì bá wà.

Àdùkẹ́_ni_mí | Mọ́ńdè, 10:05 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo mọ bó ṣe ń rí. Fóònù yín ńkọ́, ibo ló ń wà lálẹ́? Mo bèèrè torí pé abẹ́ ìrọ̀rí ni tèmi ń sùn tẹ́lẹ̀. Màá ní kí n kàn yẹ WhatsApp wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n tó mọ̀ wákàtí kan ààbọ̀ ti lọ, mo ti wà níbi tí mo ti ń bá ẹni tí mi ò mọ̀ rí jiyàn, àyà mi ń lù kìkì, ta ló wá fẹ́ rí oorun sùn lẹ́yìn ìyẹn? Mo lọ ra aago àláàmù kékeré kan, fóònù wá ń sùn ní pálọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ le o, àárín òru ni ọwọ́ mi á máa wá a kiri lábẹ́ ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ rí.

ỌmọAkẹ́kọ̀ọ́ | Mọ́ńdè, 10:31 alẹ́

Àdùkẹ́ sọ òótọ́. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní mẹlatónìn sínú ẹ̀jẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun ló ń sọ fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́, pàápàá èyí tó ní àwọ̀ búlúù nínú bíi ti ojú fóònù. Àwọn onímọ̀ kan ní Boston ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2015, wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi wákàtí 4 ka ìwé lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sùn fún ọjọ́ 5, kí wọ́n wá fi ìwé olójú-ewé ṣe ọjọ́ 5 míì. Ọjọ́ tí wọ́n lo tábúlẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ kí wọ́n tó sùn lọ ní bíi ìṣẹ́jú 10 ju ti ìwé lọ, mẹlatónìn wọn sì lọ sílẹ̀. Torí náà ẹ gbé fóònù yẹn sọnù, gbogbo ẹ̀ á dáa.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ | Mọ́ńdè, 11:20 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, alẹ́ ni mo sì ṣe jù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oorun fi ká mi lára. ỌmọAkẹ́kọ̀ọ́, ohun tó o sọ tọ̀nà ṣùgbọ́n wo iye yẹn dáadáa, ìṣẹ́jú 10 ni. Ìṣẹ́jú 10 ò lè ṣàlàyé wákàtí mẹ́rin tí OjúṢíṣí fi ń yí gbiri. Kí wọ́n gbé fóònù kúrò, ó dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fóònù nìkan ni wọ́n gbé kúrò, oorun ò ní yí padà tó bí wọ́n ṣe retí, wọ́n á wá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ò ní àtúnṣe. Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rètí nù nìyẹn.

OjúṢíṣí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ohun tí ẹ kọ. Àkọ́kọ́ ni kọfí aago márùn-ún yẹn. Látìgbà tí a bá ti jí láàárọ̀ ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adẹnosínì ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ, bó ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ń kùn wá. Kaféènì inú kọfí kì í lé e lọ o, ìjókòó rẹ̀ ló ń gbà, oorun wà nílẹ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ríbi jókòó. Ó máa ń tó bíi wákàtí 5 kí ìdajì kaféènì tó jáde lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹ ṣírò ẹ̀, aago márùn-ún sí aago mẹ́wàá, bí ẹni mu ìdajì ife kọfí tán tó wá dùbúlẹ̀ ni. Wọ́n dán an wò lọ́dún 2013, kaféènì tó pọ̀ tí wọ́n fún àwọn èèyàn ní wákàtí 6 gbáko ṣáájú oorun ṣì gé oorun wọn kù ní ohun tó ju wákàtí kan lọ.

Sísùn di aago mọ́kànlá lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó jí láago mẹ́fà, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti fi wákàtí 16 wà lójúfò. Ẹni tó jí láago mọ́kànlá, wákàtí 11 péré ni. Bí ìgbà téèyàn jẹun láago mẹ́rin ni, tó wá ń retí ebi láago márùn-ún. Kì í ṣe pé alẹ́ Sọ́ńdè ní wàhálà kankan nínú, ebi oorun ni kò tíì pa yín.

Èyí tó wá jinlẹ̀ jù ni bẹ́ẹ̀dì yẹn fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ fi ń jà lórí rẹ̀ lálaalẹ́, ara ti kọ́ ọ pé ibi ìjà nìyẹn. Ṣé oorun kì í kùn yín lórí àga ní pálọ̀ láago mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ kan yàrá ojú ti là? Ẹ dá mi lóhùn ìyẹn.

OjúṢíṣí | Túsìdeè, 6:40 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka ìlà yẹn torí bó ṣe ń rí gan-an nìyẹn. Mo máa ń tòògbé lórí àga, ìyàwó mi á fọwọ́ kan mí pé kí n lọ wọlé, bí mo bá ṣe gbé orí lé ìrọ̀rí báyìí ojú mi á là bí ẹni tí wọ́n tan iná sí. Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni mo sùn lánàá. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá_Àrẹ̀mọ | Túsìdeè, 7:15 àárọ̀

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo wà, tèmi ni pé mo máa ń tètè sùn ṣùgbọ́n aago mẹ́ta òru ni mo ń jí, mi ò sì ní lè padà sùn mọ́. Ohun tó ń jẹ mí níyà gan-an ni aago. Mo bá jí, màá wò ó, màá ní ha, ó ku wákàtí mẹ́ta kí ilẹ̀ mọ́, màá wá máa ṣírò, tí mo bá sùn báyìí màá rí wákàtí méjì ààbọ̀, tí n ò bá sùn ńkọ́, ìṣirò yẹn lá fọ́ oorun tó kù túútúú. Ọmọbìnrin mi ló bá mi yí ojú aago yẹn kọ ògiri. Mo ṣì ń jí o, ara àgbà nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò mọ aago tó lù, mi ò sì rí nǹkan ṣírò, lọ́pọ̀ ìgbà mo máa ń padà sùn. Bó o bá lè gbé aago tó ń ró kẹ́kẹ́ yẹn kúrò ní yàrá, gbé e kúrò lónìí.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ | Túsìdeè, 1:10 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà, mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ dáa tó báyìí rí.

OjúṢíṣí, ọ̀nà yìí ò dùn o, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Ọdún 1972 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Richard Bootzin, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti gbé e kalẹ̀. Kẹ́ ẹ má lọ sórí bẹ́ẹ̀dì àfi tí oorun bá ń kùn yín, oorun mo wí, kì í ṣe àárẹ̀, ẹni tó rẹ̀ lè máà ní oorun lójú. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ tó tó bíi ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ má wo aago, ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀, ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ lọ jókòó síbi tí iná ò ti tàn púpọ̀, kẹ́ ẹ máa ṣe nǹkan tí kò mú ọkàn sáré. Tí oorun bá padà, ẹ padà. Tí kò bá tún wá, ẹ tún dìde, bó ṣe ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru kan. Bẹ́ẹ̀dì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi iṣẹ́, ibi fóònù, ibi ìrònú mọ́, oorun ló wà fún, òun àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Aago tẹ́ ẹ ń jí gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, mẹ́fà ni mẹ́fà, Sátidé ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún oorun pé kó wá láago báyìí, ṣùgbọ́n a lè pàṣẹ fún ẹsẹ̀ wa pé kó kan ilẹ̀ láago báyìí, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ oorun fúnra rẹ̀ á mọ ìgbà tó yẹ kó dé. Tẹ́ ẹ bá ti jí, ẹ ṣí kọ́tìnnì tàbí kẹ́ ẹ bọ́ síta, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ń tún aago inú ara ṣe.

Ní báyìí tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin lẹ ń rí sùn, ẹ má dùbúlẹ̀ láago mẹ́wàá mọ́. Aago méjìlá ni kẹ́ ẹ máa lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó jọ pé mo ń gba oorun lọ́wọ́ yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà tó dì sàn ju wákàtí mẹ́jọ tó já jálajàla lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ń sùn ju wákàtí márùn-ún lọ nínú mẹ́fà yẹn, a ó fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni dín àkókò tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì kù sí ìsàlẹ̀ wákàtí márùn-ún ààbọ̀, kẹ́ni tó ní wárápá má sì dán èyí wò láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Bákan náà oṣù mẹ́rin ti pẹ́ jù. Tí àìróorunsùn bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, ẹ lọ, kẹ́ ẹ tún máa ṣe èyí lọ́wọ́.

Ìdẹ̀rùn_dé | Túsìdeè, 2:02 ọ̀sán

Kí ló dé tí ẹ fi ń fìyà jẹ èèyàn báyìí? Oògùn oorun ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Tàbí ife ọtí kan lálẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ | Túsìdeè, 2:44 ọ̀sán

Ọ̀rẹ́ mi, ọtí á mú èèyàn tètè sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ara ṣe ń lọ̀ ọ́ tán láàárín òru ni oorun á máa já, èèyàn á jí pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀. Oògùn náà ní àyè tirẹ̀, dókítà ló máa sọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016 ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, sọ ọ́ gbangba pé irú ìtọ́jú tí mo ń ṣàlàyé rẹ̀ yìí, àwọn àyípadà nínú ìwà àti ìrònú nípa oorun, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lò fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn rẹ̀ ti pẹ́, kí wọ́n tó dé orí oògùn. Ẹ má sì po ọtí mọ́ oògùn oorun láéláé, mo bẹ̀ yín, ó lè mú kéèyàn má lè mí mọ́.

Awakọ̀Jẹ́jẹ́ | Túsìdeè, 8:19 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dídín oorun kù yẹn, ẹ sọ fún àwọn tó ń wakọ̀. Mo wakọ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òru méjì tí mi ò sùn dáadáa. Mi ò mọ̀ pé mo tòògbé. Ohun tí mo gbọ́ ni pé táyà ń ká garagara lórí òkúta etí títì, mo lajú, ọwọ́ mi ṣì wà lórí sítíárìn. Ẹ wò ó, ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré tí ojú fi pàdé, ó ti rìn ju 80 mítà lọ láìsí ẹni tó ń darí ẹ̀. Mo páàkì, mo sùn fún ogún ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí mo jí.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ | Túsìdeè, 8:30 alẹ́

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, èmi ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ kọ ọ́. OjúṢíṣí, ṣé ẹ ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa fi ọkọ̀ gbé yín.

OjúṢíṣí | Túsìdeè, 9:02 alẹ́

Rárá, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ. Mo máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Aago ògiri ti wà ní kíṣìnì.

Ìyá_Ọlọ́mọ | Wẹ́sìdeè, 4:12 ìdájí

Ẹ wo aago tí mo ń kọ èyí. Ọmọ oṣù mẹ́ta ló wà láyà mi, kí ni kí àwa ṣe?

Àdùkẹ́_ni_mí | Wẹ́sìdeè, 7:30 àárọ̀

Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́, gbogbo òfin yìí ò kàn yín báyìí. Nígbà tí mo bímọ, ohun tó gbà mí là ni pé ọkọ mi gba àárín aago mẹ́sàn-án sí aago méjì òru, èmi gba ìyókù, kí olúkúlùkù lè rí wákàtí bíi mẹ́rin márùn-ún sùn láìjí rárá. Ẹ bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ má gbé e dá o.

Ṣẹ́gun_H | Wẹ́sìdeè, 12:20 ọ̀sán

Mo fẹ́ sọ tèmi torí ó lè gba ẹnì kan là. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sókè yìí ni mo ṣe, kò sí kọfí, kò sí fóònù, wákàtí mẹ́jọ ni mò ń sùn, mo sì ń jí bí ẹni tí wọ́n nà lóru. Ìyàwó mi ló gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù. Mo gbọ́ bí mo ṣe ń hanrun, ó ròkè, ó wá dáké lójijì. Ó dáké. Mo ń ka á, ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógún kí n tó mí sínú gbààà bí ẹni tó jáde látinú omi. Omi bọ́ lójú ìyàwó mi nígbà tá a jọ ń gbọ́ ọ. Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun mi ló ń dí tí mo bá sùn, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú nípasẹ̀ ìbòjú kan, ọdún 1981 ni dókítà Colin Sullivan ní Ọsirélíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí àkọ́kọ́ nípa irú ẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró, ìwà alẹ́ kankan ò lè wò ó sàn, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò.

Àkọsílẹ̀Mi | Tọ́sìdeè, 9:50 alẹ́

Tèmi ò pọ̀. Ìrònú iṣẹ́ ọ̀la ló ń jí mi. Mo kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Baylor University lọ́dún 2018, wọ́n ní kí àwọn kan fi ìṣẹ́jú 5 kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú kí wọ́n tó sùn, kí àwọn kan kọ ohun tí wọ́n ti ṣe tán. Àwọn tó kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fi bíi ìṣẹ́jú 9 ṣáájú àwọn yòókù sùn. Bébà lásán ni mo ń lò, mo ń fi páálí bíró bò ó mọ́lẹ̀ lórí tábìlì ní ìta yàrá. Ó ti wà níbẹ̀, kò ní sálọ, kò sídìí tí màá fi máa dì í mú nínú orí mọ́jú.

OjúṢíṣí | Sátidé, 6:25 àárọ̀

Aago mẹ́fà ni mo jí lónìí, Sátidé o. Ara ń ro mí. Òru mẹ́rin rèé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lánàá. Nọ́ọ̀sì, ṣé ó yẹ kó le báyìí?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ | Sátidé, 8:00 àárọ̀

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sùn lọ́sàn-án òní, tí kò bá ṣeé ṣe rárá kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kó sì jẹ́ kí aago mẹ́ta tó lù. Ẹ lọ rìn síta.

OjúṢíṣí | ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Mọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti rí dókítà, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò rí nǹkan kan, ó ní kí n máa bá ohun tí mò ń ṣe lọ.

Alẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín nípa ẹ̀. Òru kejìlá. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, iná kékeré kan ló wà, ẹsẹ̀ mi lórí ilẹ̀ tútù, mò ń ká aṣọ àwọn ọmọ tí wọ́n fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ká ìbọ̀sẹ̀ kan, mo ń wá ìkejì ẹ̀, ọwọ́ mi wúwo, orí mi ṣe gbì sísàlẹ̀. Mo ní kò ní burú, jẹ́ n padà. Mi ò rántí ìgbà tí mo fi aṣọ bora. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀.

Láti ìgbà yẹn, nínú òru méje, márùn-ún dáa, méjì ò dáa. Mo ń sùn bíi wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú nínú mẹ́fà, bí mo ṣe fojú díwọ̀n ẹ̀. Kọfí ti di ife kan, kí aago mọ́kànlá àárọ̀ tó lù. Ọmọ mi da omi sílẹ̀ lánàá, a jọ nù ún ni.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́ | Mọ́ńdè, 7:40 àárọ̀

Inú mi dùn débi pé mo ka á fún ẹni tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti tó láti sún un. Láti alẹ́ òní, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú 15, fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ṣì dì, ẹ tún yọ 15 míì, títí tẹ́ ẹ fi máa dé wákàtí méje, torí àgbàlagbà ò yẹ kó máa sùn tó kéré sí ìyẹn. Mẹ́fà àárọ̀ ò yí padà o.

Bàbá_Àrẹ̀mọ | Mọ́ńdè, 8:15 àárọ̀

Aago yẹn ńkọ́?

OjúṢíṣí | Mọ́ńdè, 8:20 àárọ̀

Ó ṣì wà ní kíṣìnì, Bàbá. Ẹ ṣeun sà.